Ajílẹ̀ Ọkọ Alhaja

Ọdún tí àwọn ológun tún gbàjọba ni ẹ̀gbọ́n mi Mọ́ṣúdù fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùweè, tó kó ẹrù rẹ̀ wá sí ilé bàbá wa ní Ìgbẹ̀ìn, Abẹ́òkúta. Ẹrù náà kò pọ̀: àpótí onípáànù kan, fèrè gáàdì, àsíá pupa àti àsíá aláwọ̀ ewé, àti ikùn kan tó ṣáájú rẹ̀ wọlé. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti ń tẹ̀lé ọkọ̀ ojú irin láti Ìdó dé Kánò. Bó bá fọn fèrè, tó sì ju àsíá, ọkọ̀ tó gùn ju òpópónà wa lọ á gbéra. Nílé wa, kò sẹ́ni tó ń dúró de fèrè rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ Bùsírátù ti ń darí ilé láti ọjọ́ pípẹ́, ilé sì ń lọ geere láìní gáàdì.

Èmi ni àbúrò rẹ̀ obìnrin. Mo ti kó kúrò nílé ọkọ padà sílé bàbá mi. Ẹ má bi mí léèrè ìdí. Ọkọ náà ṣì wà láàyè, ìdí sì wà lára rẹ̀. Fèrèsé yàrá mi dojú kọ ẹ̀yìnkùlé, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe. Bùsírátù kì í pe orúkọ mi, nítorí wọ́n ti bí mi sínú ilé kí wọ́n tó gbé e wọlé, ọkọ ni mo sì jẹ́ fún un. Opẹ́lẹ́ngẹ́ ló ń pè mí. Nígbà tó fún mi lórúkọ náà, mo tẹ́ẹ́rẹ́ lóòótọ́. Ní báyìí, bó bá pè mí níṣojú àlejò, àlejò á máa wò yíká láti mọ ẹni tí wọ́n ń pè.

Abọ́ tánńganran àti kúlà oúnjẹ ni Bùsírátù ń tà. Ó ní ìsọ̀ ní Láfẹ́nwá, ó sì sọ yàrá iwájú ilé wa di ìsọ̀ kejì. Òun ló rán àwọn ọmọ níléèwé, láti orí Mọ́nsúrù àkọ́bí wọn dé orí àbíkẹ́yìn. Òun ló pààrọ̀ páànù orí ilé nígbà tí ìjì ká a. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó tún rí ti Mẹ́kà ṣe. Ọkọ rẹ̀ kò tíì lọ. Bí ìyàwó ṣe di Alhaja nìyẹn, tí ọkọ ṣì jẹ́ Mọ́ṣúdù lásán, tí gbogbo àdúgbò sì ń pe ẹ̀gbọ́n mi ní Ọkọ Alhaja. Àwọn ọmọdé kò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ní orúkọ mìíràn.

Láràárọ̀, kí Bùsírátù tó lọ sọ́jà, á kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá Mọ́nsúrù, ẹ kú ìjókòó o." Kò sí àrífín níbẹ̀. Ẹni tó bá jókòó, bí a ṣe ń kí i nìyẹn, Mọ́ṣúdù sì jókòó. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ara rẹ̀ le, tí wọ́n ń kí kú ìjókòó láràárọ̀ lójú àwọn ayálégbé, inú rẹ̀ ò lè dùn. Ó pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní láti ìgbà tóun ti fẹ́ Bùsírátù, òun ò fọwọ́ ara òun fi nǹkan kan sínú ìkòkò rẹ̀ rí.

"Owó ni mò ń fi ránṣẹ́," ló wí, "owó ọ̀hún kì í sì í tó. Mo fẹ́ kí obìnrin yìí jẹ ohun tí mo fọwọ́ mi gbìn. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn ìyẹn, bó bá wù ú kó máa kí mi kú ìjókòó títí dọjọ́ ikú."

Mo rẹ́rìn-ín, torí èmi kì í gbọ́ nǹkan kí n má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà, mo sì pa ẹnu mi dé.

Báyìí ló ṣe di àgbẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé wa kì í ṣe ibi tí orí èèyàn pé tó lè gbin nǹkan sí. Àpáta yọ orí níbẹ̀ káàkiri, erùpẹ̀ tó wà láàárín wọn pupa, ó le koko, àwọn ará ilé wa sì ti ń fọ́ ìkòkò síbẹ̀ láti ìgbà tí Ẹ̀gbá ti tẹ̀dó. Mọ́ṣúdù ṣa àpáàdì kúrò, ó kọ ebè, ó gbin tẹ̀tẹ̀, ó gbin ṣọkọ, ó gbin tòmátì. Tẹ̀tẹ̀ hù, ewé rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ṣọkọ yọ lẹ́ẹ̀kan, ó wo ayé, kò sì wù ú mọ́. Tòmátì so, èyí tó tóbi jù nínú rẹ̀ kò ju ojú adìẹ lọ. Ìgbà náà ló wá yé e pé ilẹ̀ pàápàá ń jẹun, ebi sì ti pa ti ẹ̀yìnkùlé wa kú.

Ajílẹ̀ àpò wà nígbà náà, tí ìjọba ń pín, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ẹnìkan ló ń rí i gbà. Kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbin tòmátì sẹ́yìn balùwẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò burú, ohun tí àwọn baba wa fi ń gbin nǹkan kí àpò tó dé, òun náà á wá a rí. Kò mọ̀ pé ìgbẹ́ oríṣiríṣi ló wà láyé, àti pé ìwà wọn ò dọ́gba.

Ọ̀dọ̀ Lydia ló kọ́kọ́ lọ. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa, ọmọ ìjọ ni, ó ń sin adìẹ, ó sì ń sin ẹlẹ́dẹ̀. Èèyàn dáadáa ni. Ó ní kí Mọ́ṣúdù wá kó ìgbẹ́ adìẹ bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n kó dà á sí kọ̀rọ̀ kan ná, kí òjò pa á, kí oòrùn pa á, kí ooru inú rẹ̀ jáde tán kó tó gbé e dé ìdí nǹkan. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́. Ṣùgbọ́n gáàdì tó bá ti fọn fèrè, kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Ọjọ́ náà gan-an ló wà á sídìí tòmátì, tútù ṣìnkìn bó ṣe jáde lára adìẹ. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, àwọn tòmátì náà ti ká jọ, wọ́n gbẹ bí ìgbà tí èèyàn da omi gbígbóná lé wọn lórí.

Èyí kò tíì burú tó òórùn rẹ̀. Eṣinṣin tí mi ò rí irú rẹ̀ rí bo ẹ̀yìnkùlé, wọ́n gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ bọ́ sí yàrá iwájú, wọ́n sì bà sára abọ́ tánńganran. Oníbàárà kan tó fẹ́ ra odindi àwo ìgbéyàwó fi ìborùn dí imú, ó béèrè lọ́wọ́ Bùsírátù bóyá nǹkan kú sínú àjà. Bùsírátù kò pariwo. Ó rìn dé ẹ̀yìnkùlé, ó dúró sójú afẹ́fẹ́.

"Bàbá Mọ́nsúrù, ṣé ẹ̀fọ́ lẹ̀ ń gbìn ni, àbí eṣinṣin?"

Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀ débi pé àwọn ayálégbé ń fi kí ara wọn.

Ojú ti Lydia fún un. Ó ní kó wá gba ti ẹlẹ́dẹ̀, pé òun ti kó ìyẹn jọ láti ọdún tó kọjá, ó ti tutù, kò sì lè jó nǹkan kan. Ẹ̀yin náà ẹ wo wàhálà. Ẹ̀gbọ́n mi mọ ohun tí ìyàwó rẹ̀ máa sọ, ṣùgbọ́n ó lọ rí ajílẹ̀ náà, ó sì dára. Ó wá gba ọ̀dọ̀ Áfà Sàlàhúdíìnì lọ láti béèrè. Áfà ronú díẹ̀, ó ní ní tòun o, ewébẹ̀ kì í kírun, òun ò sì mọ àlùwàlá tí ẹlẹ́dẹ̀ fẹ́ bà jẹ́ lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi jọ̀ọ́ má sọ fún Alhaja pé ẹnu òun ló ti gbọ́ ọ, torí Alhaja ló ń gbé ìṣínu wá fún òun lóṣù ààwẹ̀. Mọ́ṣúdù padà sílé, ó rò ó títí, ó sì fi ti ẹlẹ́dẹ̀ sílẹ̀. Ó ń sọ káàkiri pé ìbẹ̀rù Ọlọ́run ló jẹ́ kóun fi í sílẹ̀. Èmi tí mò ń bá a gbélé mọ ẹni tó ń bẹ̀rù.

Ó wá yí sọ́dọ̀ màlúù. Ní Láfẹ́nwá, níbi tí wọ́n ń so màlúù mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó pa wọ́n, bọ̀tọ̀, ìgbẹ́ wọn, wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ, àwọn Fúlàní sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá bá wọn kó o. Mọ́ṣúdù rọ́ ọ kún àpò, ó dá takisí dúró. Awakọ̀ gbọ́ òórùn, ó ní àpò yẹn kò níí wọ búùtù òun láéláé, pé bó bá fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kó gbé e lẹ́sẹ̀. Ó sì gbé e lẹ́sẹ̀. Láti Láfẹ́nwá dé Ìgbẹ̀ìn, ẹ̀gbọ́n mi gbé bọ̀tọ̀ màlúù sórí itan bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ní ọsibítù, kóòtù rélùweè rẹ̀ lọ́rùn, omi sì ń jò nídìí àpò náà.

Kí n má purọ́, bọ̀tọ̀ kò jó nǹkan kan, òórùn rẹ̀ kò sì pọ̀. Àléébù tirẹ̀ ni pé màlúù kì í jẹ koríko kí gbogbo rẹ̀ dà nínú rẹ̀. Gbogbo èso koríko tí wọ́n ti jẹ bọ̀ láti Òkè Ọya hù ní ẹ̀yìnkùlé wa. Àwọn mìíràn nínú wọn, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ wọn ní gbogbo Ẹ̀gbá. Mọ́ṣúdù ń tu, wọ́n ń hù. Bùsírátù wò ó láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó ku kí wọ́n ra màlúù tó máa jẹ ẹ́.

Ọ̀dọ̀ Fárọ̀mbí ni ọ̀rọ̀ náà ti yanjú, ibẹ̀ náà ló sì ti bà jẹ́. Àgbẹ̀ ni Fárọ̀mbí, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Kọ́bapẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni Bùsírátù ti máa ń ra ewúrẹ́ ìsọmọlórúkọ. Ilé tirẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni lọ sí mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Òrìṣà tí baba wọn ń bọ ni wọ́n ṣì ń bọ, wọn kì í sì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Nígbà tí Mọ́ṣúdù ro ẹjọ́ rẹ̀ fún un, Fárọ̀mbí mú un lọ sí ẹ̀yìn ilé, síbi ààtàn wọn. Láti ayé baba baba rẹ̀ ni wọ́n ti ń da ilẹ̀ síbẹ̀: eérú ààrò, èèpo ẹ̀gẹ́, háhá àgbàdo, ìdì ẹyìn tí wọ́n ti yọ ẹyìn lára rẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n bá gbá níbi tí wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́. Fárọ̀mbí ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó bù ú sókè, ó ní kí Mọ́ṣúdù gbóòórùn rẹ̀. Ó dúdú minimini, ó fúyẹ́ lọ́wọ́, òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ló ń rùn.

"Imú ni kẹ́ ẹ fi máa ṣà á," ni Fárọ̀mbí wí. "Èyí tó bá ṣì ń rùn, ìgbẹ́ ni. Ìgbà tó bá ṣíwọ́ òórùn ló tó di ajílẹ̀."

Mọ́ṣúdù fi píkọ̀ọ̀pù kó o wálé, ó sì tún gbogbo nǹkan gbìn. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn kí ẹ má ní mo ń ṣàsọdùn. Tẹ̀tẹ̀ ga dé ìbàdí mi, ìbàdí mi sì nìyí. Ṣọkọ tó ti kọ̀ láti hù wá ń hù láàárín òkúta. Tòmátì so wìtìwìtì, ó wúwo débi pé igi ni wọ́n fi gbé e ró. Lydia wá wò ó, ó yin Jésù, ó sì já ẹ̀fọ́ lọ. Àwọn ayálégbé ń já, èmi náà ń já, kódà Áfà rán agbọ̀n wá. Mọ́ṣúdù kò rí tiwa rò. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ló tẹjú mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bùsírátù jáde pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Ọbẹ̀ wà lórí iná, kò sì ráyè ra ẹ̀fọ́ bọ̀ lọ́jà. Ó dé ìdí tẹ̀tẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ti di ewé mú. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi tó dìde dúró bí ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin fẹ́ wọ ìdíkọ̀. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé irú ilẹ̀ wo rèé tó dúdú tó báyìí. Inú rẹ̀ dùn jù, kò ronú kó tó sọ pé ààtàn ilé Fárọ̀mbí ni.

Bùsírátù jọ̀wọ́ ewé náà. Ó rọra nà ró.

"Ààtàn ilé Fárọ̀mbí? Ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé ẹbọ dà sí?"

Gbogbo ohun tó yẹ kí ẹni tó ń ra ajílẹ̀ yẹ̀ wò ni ẹ̀gbọ́n mi ti yẹ̀ wò: òórùn, ooru, èso koríko. Ohun kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni tó dàgbà ní Abẹ́òkúta ì bá kọ́kọ́ béèrè kó tó bu ilẹ̀ ààtàn ẹlòmíràn, òun ni kò béèrè. Bùsírátù ní ó mà ṣe o, pé èèyàn ń gbé wàhálà ayé rẹ̀ jù síbẹ̀, ọkọ òun lọ fi àpò kó o wálé. Ó da ojú abọ́ náà dé, ó sì padà wọlé. Ata lásán ló fi parí ọbẹ̀ tó wà lórí iná, òun náà la sì jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí Fárọ̀mbí wá wo ọgbà, wọ́n ro ẹjọ́ náà fún un. Kò bínú. Ó kí Bùsírátù dáadáa, ó ní òótọ́ ni, bí nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sí. "Ṣùgbọ́n kò pẹ́ níbẹ̀, Alhaja. Kí èèyàn tó yíjú padà, ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́. Ewúrẹ́ yẹn náà ni mò ń tà fún yín."

Mo rẹ́rìn-ín títí ìró mi fi tú. Mọ́ṣúdù náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú ìyàwó rẹ̀, ó fi ikọ́ rọ́pò rẹ̀. Bùsírátù ní ẹ kú àbọ̀, ẹ kú ìrìn, ó gbé omi fún Fárọ̀mbí, ó sì wọlé. Láti ọjọ́ náà lọ, ọwọ́ ẹlòmíràn ló ti ń ra ewúrẹ́. Ẹ̀fọ́ ní tirẹ̀, Láfẹ́nwá ló ti ń rà á bọ̀, á gbé e kọjá lẹ́bàá èyí tó ga dé ìbàdí, á sì máa wo iwájú.

Fárọ̀mbí ló tún gba ẹ̀gbọ́n mi nímọ̀ràn pé kó dá ààtàn tirẹ̀ sílẹ̀. Mọ́ṣúdù fara balẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó fi pákó ká igun kan mọ́, ó ń da nǹkan síbẹ̀ ní ìpele ìpele, ó ń bu omi wọ́n ọn, ó ń fi ọkọ́ yí i, ó ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó. Kò gba ti adìẹ, kò gba ti màlúù, kò gba tẹnikẹ́ni. Ilé ìdáná Bùsírátù nìkan ló ti ń kó o: èèpo iṣu tó bẹ, eérú iná tó dá, ewé tó fi pọ́n mọ́ínmọ́ín, èèpo ẹ̀wà tó bó. Kó ṣáà ti jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ló ti jáde, kí ìyàwó má rí àwáwí. Nígbà tí ohun gbogbo jẹrà tán tó dúdú, ó kọ ebè tuntun síbi tí ilẹ̀ Kọ́bapẹ́ kò dé, ó sì gbin tòmátì mìíràn. Nígbà tí tòmátì pọ́n, ó lọ bá ìyàwó rẹ̀, ó ṣàlàyé fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Bùsírátù gbọ́ ọ tán. "Bàbá Mọ́nsúrù, ohun tí mo bá ti dà nù, mo ti dà á nù."

Ó dùn mí. Ẹ̀gbọ́n mi kò dé ọgbà lọ́jọ́ náà, àga rẹ̀ ló jókòó sí, kò sì rojọ́ fún ẹnikẹ́ni. Inú bí mi, mo wọ yàrá Bùsírátù lọ, mo bi í pé irú ọkàn wo ló ní. Mo ní ẹbọ kò sí níbẹ̀ mọ́, kí ló tún kù? Abọ́ ló ń tò, kò tiẹ̀ wo ojú mi.

"Opẹ́lẹ́ngẹ́, ẹ jókòó," ló wí. "Ṣé ẹ rò pé ẹbọ ló ń dùn mí? Nígbà tí mo ń po ẹ̀kọ tí kò ní ṣúgà fún àwọn ọmọ yìí, ta ló gbin tòmátì fún mi? Nígbà tí ìgbóná ń ṣe Mọ́nsúrù, tí mo gbé e láti ibí dé ọsibítù lẹ́yìn, ọkùnrin yẹn ń ju àsíá ní Kádúná. Ó wá darúgbó tán, ó gbin ewé mẹ́ta, gbogbo àdúgbò ní kí n wá pàtẹ́wọ́. Bó fi ìgbẹ́ mọ̀láíkà gbìn ín, mi ò jẹ ẹ́." Ó fọwọ́ gbá ẹnu ara rẹ̀. "Àsítàgàfúrúláì," ló wí, ó sì ń to abọ́ rẹ̀ lọ.

Mo jáde, inú ń bí mi sí àwọn méjèèjì, mi ò sì mọ ẹni tí mo fẹ́ gbè lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ wà báyìí títí di Sátidé ìmọ́tótó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà láyé nígbà náà rántí: àwọn ológun ti pàṣẹ pé ní òpin oṣù, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rìn láàárọ̀, kí oníkálukú gbálẹ̀, kó kó gọ́tà, kí wolé-wolé sì máa yẹ ilé wò. Èyí tó wọ ilé wa, Ọládipọ̀ lorúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kò ju Mọ́nsúrù lọ. Àwọn lébìrà tó gbé ṣọ́bìrì tẹ̀ lé e. Ó yìn wá fún iwájú ilé, ó yìn wá fún ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dé ẹ̀yìnkùlé, ó rí òkìtì tí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò.

"Kí lèyí, Bàbá?"

Mọ́ṣúdù ní ajílẹ̀ ni. Ọládipọ̀ ṣí ewé náà, ó rí èèpo iṣu tí kò tíì jẹrà lórí rẹ̀. Ó ní òun ò mọ ajílẹ̀, ìdọ̀tí ni òun rí. Ó ní típà wà lójú títì, kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ síta kíá, kí wọ́n sì tu gbogbo igbó tó wà ní ìdí rẹ̀, torí ẹ̀fọn. Igbó tó ń wí yẹn, tòmátì ni.

Mo retí pé ẹ̀gbọ́n mi á bá a jà. Ṣùgbọ́n ìjọba ló ti ń ṣiṣẹ́ fún láti kékeré, ẹni tó bá wọ yunifọ́ọ̀mù tó ní kó dúró, ó gbọ́dọ̀ dúró. Ó lọ mú ọkọ́ tirẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ yọ pákó iwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ajílẹ̀ náà sílẹ̀. Èyí tó bá fẹ́ dà nù, ó ń fọwọ́ gbá a jọ. Àwọn ayálégbé dúró káàkiri pẹ̀lú ìgbálẹ̀, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, èmi náà kò rẹ́rìn-ín.

Bùsírátù wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ tirẹ̀ náà. Kò sí ohun tó ní láti ṣe. Kó ṣáà dákẹ́ ni, típà á gbé òkìtì náà lọ, ọ̀rọ̀ eṣinṣin, ọ̀rọ̀ ẹbọ, ọ̀rọ̀ tòmátì, gbogbo rẹ̀ á parí lọ́jọ́ náà. Mò ń wò ó. Ó ń wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀.

"Ẹ gbé ọkọ́ yẹn sílẹ̀, Bàbá Mọ́nsúrù."

Mọ́ṣúdù dúró. Bùsírátù rìn wá sáàárín ọgbà, ó kọjú sí wolé-wolé.

"Ọmọ mi, ta lo ní ó ń tọ́jú ìdọ̀tí? Oko nìyí. Ohun tó wà níbẹ̀ yẹn, oúnjẹ oko ni."

Ọládipọ̀ kì í ṣe aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní kí Alhaja má bínú, iṣẹ́ ni wọ́n rán òun. Gbogbo èèyàn ni yóò máa pe àkìtàn wọn ní oko bí òun bá gbà. Ó wá wo òkìtì, ó wo Bùsírátù láti orí dé ẹsẹ̀, aṣọ funfun rẹ̀, ìborùn rẹ̀ tó mọ́ tónítóní.

"Alhaja, ẹ dákun, ẹ̀yin fúnra yín, ṣé ẹ̀ ń jẹ nínú ohun tó ń hù nínú eléyìí?"

Kò sẹ́ni tó dúró níbẹ̀ tí kò mọ èsì ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n mi gbé orí sísàlẹ̀, mo sì mọ ohun tó ń rò. Kò fẹ́ kí ìyàwó òun tó ti tẹ Mẹ́kà purọ́ nítorí òun. Ó ti la ẹnu láti sọ òótọ́ fún wolé-wolé.

Bùsírátù kò dúró gbọ́ ọ. Ó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sídìí ebè tuntun, ó já tòmátì tó pọ́n jù níbẹ̀. Ó fi etí ìborùn Mẹ́kà nù ún. Ó gé e jẹ. Omi rẹ̀ ṣàn gba àgbọ̀n rẹ̀ wá sára aṣọ funfun, kò nù ún. Ó jẹ ẹ́ tán tòun ti hóró, ó já òmíràn, ó jẹ ìyẹn náà, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lójú Ọládipọ̀.

"Lójoojúmọ́," ló wí.

Kí ni wolé-wolé fẹ́ sọ? Ó ní kí wọ́n fi páànù bò ó nítorí eṣinṣin, ó kí wa kú iṣẹ́ ìlú. Bùsírátù já tòmátì kún fìlà rẹ̀, ó ní kó gbé e fún ìyàwó rẹ̀, ó sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ayálégbé tú ká jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, oníkálukú padà sídìí gọ́tà rẹ̀.

Ìgbà tó padà wọ ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀gbọ́n mi ṣì dúró síbi tó wà, ọkọ́ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó pè é ní orúkọ, Bùsírátù, tí mi ò gbọ́ kó pè é bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí Mọ́nsúrù. Ó ní o ṣé.

"Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi," ni Bùsírátù wí. "Mi ò ṣe é nítorí yín. Kò sẹ́ni tó máa wọ ilé mi wá pe iṣẹ́ ọkọ mi ní ìdọ̀tí. Èmi nìkan ni mo lè pè é bẹ́ẹ̀."

Mọ́ṣúdù jókòó sórí ebè, ó fi ọwọ́ tó kún fún ajílẹ̀ bo ojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Èmi tí mo máa ń rẹ́rìn-ín sí ohun gbogbo, mo yíjú sí ibòmíràn, torí ojú tèmi náà kò gbẹ. Bùsírátù wọ ilé ìdáná lọ, ó gbé abọ́ jáde, ó wá dúró lé e lórí.

"Ẹ dìde lórí ẹ̀fọ́ mi, Bàbá Mọ́nsúrù. Kí lẹ fẹ́ kí n fi se ọbẹ̀?"